Ṣéènì Tó Ń Ké Lójú Ọ̀nà Òdìgbó

Níbi tí títì Èkó sí Bìní ti pàdé èyí tó ti Oǹdó bọ̀ tó ń lọ sí Òkìtìpupa, ariwo Orè kì í ṣe kékeré. Tírélà ń fọn fèrè, agbèrò ń pe èrò, àwọn tó ń kiri ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì. Ọ̀gá mẹ̀káníìkì tí mo jókòó tì lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan, lápá ibi tí ọ̀nà Òdìgbó ti yà, kò tiẹ̀ gbójú sókè tó fi ní, "Ṣéènì nìyẹn." Maṣíìnì tó ń wí kò tíì dé iwájú wa. Ìró kan ló gbọ́, kọ́kọ́kọ́ kan tó ń yára bí ọkọ̀ bá ṣe ń yára, tó sì ń falẹ̀ bó bá ṣe ń falẹ̀. Bí ọlọ́kadà náà ṣe fa kíláàṣì pé kó máa yọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ohùn ẹ́ńjìnnì wálẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́kọ́kọ́ yẹn kò dákẹ́. Ọ̀gá ní ibẹ̀ gan-an lẹ̀rí wà. Ìró tó bá jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì á bá ẹ́ńjìnnì wálẹ̀. Èyí tó bá ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ táyà, ẹ̀yìn ni kí ẹ ti wá a.

Bajaj Boxer ni maṣíìnì náà, pupa tí eruku ti sọ di àwọ̀ ilẹ̀. Àpò kòkó méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, okùn táyà ni wọ́n fi dì wọ́n. Ọmọkùnrin tó gùn ún kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún lójú mi. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọ̀gá, ó kí èmi náà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé ojú méjì kúrò nínú ṣéènì yìí. Ó ti ń bọ́ lójú ọ̀nà."

Gígé ojú ṣéènì ni iṣẹ́ tí wọ́n ń bẹ̀ jù níbẹ̀, òun náà sì ni ọ̀gá yìí kórìíra jù. Ìdí tí àwọn ọlọ́kadà fi fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Kò gba àkókò, owó rẹ̀ kò ju owó oúnjẹ àárọ̀ lọ, ṣéènì á sì tún le padà bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ohun tí mo jókòó wò lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni bí ẹ̀rí ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan lára ọkọ̀ kan ṣoṣo, títí tí ẹni tó ni ín fi gbà fúnra rẹ̀ pé gígé kọ́ ló kàn.

Kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan irin, ẹnu ló kọ́kọ́ fi tú maṣíìnì náà palẹ̀.

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ ṣéènì yìí?"

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Pẹ̀lú sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì?"

"Rárá o. Ti tẹ́lẹ̀ la fi sí i."

"Ta ló ní kí ẹ fi sí i?"

Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Owó ló ní ká fi sí i, ọ̀gá."

Wọ́n ti gé e nígbà kan rí náà. Nǹkan tó fi ń pa á kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, òróró dúdú tí wọ́n tú jáde látinú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ẹlòmíràn.

Wọ́n sọ àpò kòkó kalẹ̀, wọ́n gbé maṣíìnì sórí dọ́bù sítáńdì, wọ́n fi jíà sí fíríì, wọ́n sì pa á. Ọ̀gá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn. Ó fi ìka kan gbé ṣéènì sókè láti ìsàlẹ̀, ní àárín méjì sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú àti tẹ̀yìn, àwọn irin roboto eléyín tí ṣéènì ń yí ká, ó tún fà á wálẹ̀. Lára irú ọkọ̀ yìí, kí ṣéènì gbé sókè kó sì wálẹ̀ níwọ̀n mílímítà 20 sí 30 ló dáa. Èyí ń ṣe tó 60. Nígbà tó yí táyà díẹ̀ tó tún gbé e, ó ṣe bíi 25 péré. Ó yí i sí i, ó tún dẹ̀. Ó ní kí èmi náà fọwọ́ kàn án, mo sì kàn án: ibì kan ń dẹ̀, ibì kan ń le, lára ṣéènì kan náà, lọ́jọ́ kan náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìṣe nìyẹn. Ẹni tó bá fún ṣéènì nígbà tí ibi tó dẹ̀ wà lábẹ́ á rò pé òun ti ṣe é dáadáa. Nígbà tí táyà bá yí débi tó le, ṣéènì á na tán, á sì máa fa ọ̀pá jíà àti béárìn tó gbé e dúró. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé kí á tó wọn ohunkóhun, a ní láti yí táyà yíká, kí á wá ibi tó le jù, kí á sì wọ̀n ọ́n níbẹ̀.

Ọ̀gá tún ń wo nǹkan mìíràn bó ti ń yí i. Bí ṣéènì ṣe ń kúrò lórí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn tó yẹ kó na gbọọrọ, àwọn ojú kan wà tí wọn kò na tán, wọ́n ká kò bí ìka tí làkúrègbé mú. Ó fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Eruku pupa tó kúnná jáde wá, ó pupa ju ti ilẹ̀ lọ. Ó ní ìpatà ni, inú ni ó ti ń wá. Òróró tó wà lára ṣéènì kò wọlé rárá, ìta ló dúró sí.

Lẹ́yìn èyí ló wá ṣe ìdánwò tí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ lásán ṣe nílé. Ó di ṣéènì mú ní ẹ̀yìn pátápátá, lójú ibi tó ti yí ká sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, ó sì fà á sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fà á yọ. Ṣéènì tuntun lórí eyín tuntun kò ní kúrò lójú kan. Èyí gbéra sókè, ó fi ìdajì eyín sílẹ̀ ní gbangba, ìmọ́lẹ̀ sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. "Ṣé o rí ọ̀run níbẹ̀?" ló bi ọmọkùnrin náà. Ó ní òun rí i.

Mo ní tépù ìwọ̀n lọ́wọ́, mo tọrọ àyè kí èmi náà wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà 428 wà lára abala irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ lára àwọn maṣíìnì kéékèèké. Nígbà tí irú ṣéènì bẹ́ẹ̀ bá wà ní tuntun, láti àárín píìnì kan sí àárín èkejì jẹ́ mílímítà 12.7, nítorí náà ojú 20 yóò jẹ́ 254. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ fi ṣe ààlà kò ju ìdá 2 nínú 100 lọ, ìyẹn 259. Ọ̀gá na ṣéènì fún mi, mo fi ẹnu tépù lé àárín píìnì, mo ka ojú 20. Ó jẹ́ 262.

Ọmọkùnrin náà bèèrè bóyá irin ló fà bí rọ́bà. Irin kò fà. Lójú kọ̀ọ̀kan ṣéènì, píìnì kan wà tó ń yí nínú búùṣì, róólà sì wà lórí búùṣì náà tó ń bọ́ sáàárín eyín. Gbogbo ìgbà tí ojú kan bá tẹ̀ yí ká sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì tó sì tún na, píìnì á ha ara búùṣì. Bí òróró bá wà láàárín wọn, wọ́n á pẹ́. Bí ó bá jẹ́ iyanrìn ló wà níbẹ̀, ẹ ti mọ ìyókù. Lára ṣéènì tí mo wọ̀n yẹn, ohun tí ojú kan ti jẹ kò ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá mílímítà kan lọ, ojú lásán kò lè tètè rí i. Ṣùgbọ́n ojú ṣéènì lé ní ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn ló sì ń dá owó jọ.

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tó ń gbé ní Manchester, Hans Renold, ló gbé irú ṣéènì oníbúùṣì àti róólà yìí jáde lọ́dún 1880. Ṣéènì tó wà ṣáájú tirẹ̀ kò ní búùṣì, orí píìnì tín-ín-rín nìkan ni gbogbo ìnira ń dà lé, nítorí náà wọn kì í pẹ́ jẹ. Búùṣì tó fi kún un ló jẹ́ kí ìnira náà rí àyè tó fẹ̀ jókòó sí. Ohun tó wà lára Boxer tó ń ru kòkó ní Òdìgbó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí i títí dòní. Àwọn alùpùpù olówó ńlá ní rọ́bà roboto kékeré tó há gíríìsì mọ́ inú ojú kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n lábẹ́ àtíbàbà yẹn, n kò rí ẹyọ kan.

Ó ku sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì. Ti ẹ̀yìn hàn gbangba. Eyín tuntun máa ń rí bákan náà lọ́tùn-ún àti lósì, orí rẹ̀ á sì nípọn díẹ̀. Ti ọmọkùnrin yìí ti mú, ó ti tín-ín-rín lókè, gbogbo rẹ̀ sì ti tẹ̀ sí apá kan náà. Àárín eyín kan sí èkejì ti fẹ̀ ju róólà lọ. Ọ̀gá tún fi ìka tọ́ka sí ẹ̀gbẹ́ wọn: ojú kan ń dán yanran, ojú kejì ṣì ní ìpatà. Ó ní ẹni tó fún ṣéènì náà gbẹ̀yìn, apá kan ló yí ju apá kejì lọ. Táyà wọ́, ṣéènì sì ń fi ara ha ẹ̀gbẹ́ eyín bó ti ń lọ.

Ti iwájú kò hàn, kọ́fà ló bò ó, ibẹ̀ sì ni àwọn èèyàn kì í wò. Ọmọṣẹ́ tú bóòtì kọ́fà náà. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe irin mọ́, òkìtì dúdú ni: ẹrẹ̀, òróró, iyanrìn, fọ́nrán okùn, gbogbo rẹ̀ ti dì pọ̀. Ó fi sikirúdíráfà wa á jáde ní ìṣù-ìṣù sórí bébà. Nígbà tí eyín yọjú, kò sí ẹnikẹ́ni tó tún jiyàn. Àwọn kan nínú wọn ti kúrú, orí wọn mú débi pé ọmọṣẹ́ náà ní kí n má fi ìka pá a.

Kì í ṣe ohun ìyanu pé iwájú ló kọ́kọ́ ń kú. Bí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú bá ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn sì ní 42, iwájú á yí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ̀yìn tó yí lẹ́ẹ̀kan, eyín kọ̀ọ̀kan rẹ̀ á sì ṣe iṣẹ́ eyín mẹ́ta. Àwọn tó ń ru ẹrù sì tún ní àṣà kan: wọ́n á fi èyí tí eyín rẹ̀ kéré sí i síwájú kí maṣíìnì lè lágbára láti gun òkè pẹ̀lú àpò mẹ́ta. Agbára náà á wá lóòótọ́, eré á dín kù, ṣéènì á sì máa tẹ̀ kíkankíkan yí ká irin tó kéré. Ìṣirò ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí ẹni tó bá ṣe é ṣáà mọ̀ pé ṣéènì òun kò ní pẹ́ tó ti ẹlòmíràn.

Ọ̀gá kò tíì parí. Ó di táyà ẹ̀yìn mú gírígírí, ó sì gbìyànjú láti mi sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá síwá sẹ́yìn. Ó ń wá rọ́bà inú họ́ọ̀bù, àwọn tó wà láàárín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì àti táyà tí wọ́n máa ń gba ìjà nígbà tí ọwọ́ bá ṣí tọ́rọ́ọ̀tù lójijì. Bí wọ́n bá ti jẹ tán, ọkọ̀ á máa ta gìrì ní gbogbo ìgbà tí a bá pààrọ̀ jíà, ọ̀pọ̀ á sì di ẹ̀bi náà ru ṣéènì. Ti ọmọkùnrin yìí mì díẹ̀, kò burú. "Èyí ṣì dúró," ló ní. "Má ra rọ́bà." Inú mi dùn sí gbólóhùn yẹn, nítorí mẹ̀káníìkì tó bá sọ ohun tí ẹ kò ní láti rà fún yín, ẹ lè gbà á gbọ́ nígbà tó bá dárúkọ èyí tí ẹ ní láti rà.

Ọmọkùnrin náà ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún gígé. Ó ní kí wọ́n gé e fún òun, kí òun fi kó kòkó ọ̀sẹ̀ yìí tán.

Ohun tí ọ̀gá dá a lóhùn ni pé gígé á fún un láyè, kò ní fún un ní ṣéènì. Méjì-méjì ni wọ́n ń gé ojú, nítorí ojú inú àti ojú ìta ló ń tẹ̀lé ara wọn, lọ́ọ̀kì tó ń so ẹnu ṣéènì pọ̀ kò sì lè di ojú inú mọ́ ojú ìta. Ojú méjì jẹ́ mílímítà 25.4, èyí á mú táyà sún síwájú ní ìdajì rẹ̀, tí bóòtì ìfúnṣéènì á fi tún ní ibi tó lè yí sí. Ìyẹn nìkan ni àǹfààní rẹ̀. Àwọn ojú ọgọ́rùn-ún tó kù ṣì gùn ju eyín lọ bí wọ́n ṣe wà. Wọn kò ní jókòó sí ìsàlẹ̀ àárín eyín mọ́, orí eyín ni wọ́n á máa gùn, wọ́n á sì máa jẹ ẹ́ lọ. Nígbà tí ẹrù bá pọ̀ tí òkè sì ga, ṣéènì á fo eyín. Bó bá já, tó sì ká jọ sábẹ́ kọ́fà iwájú, ó lè fọ́ ilé ẹ́ńjìnnì. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko: owó tó yẹ kó ra ṣéènì á wá di owó ẹ́ńjìnnì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó ṣe kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ṣéènì tuntun ló gbé lé eyín tó ti jẹ. Eyín tó ti fẹ̀ kò lè bá ṣéènì tí kò tíì gùn mu, ojú díẹ̀ ni ó ń gbé gbogbo ẹrù, èyí ló fi jẹ́ pé òjò kan ṣoṣo ni ṣéènì tuntun náà rí. Àwọn kan máa ń tú sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn, wọ́n á yí i padà kí ojú tí kò tíì jẹ lè máa ṣiṣẹ́. Mo bi ọ̀gá nípa rẹ̀. Ó gbé èjìká sókè, ó ní ẹni tí owó bá há lè ṣe é, ṣùgbọ́n kó má ṣe é pẹ̀lú ṣéènì tuntun.

A kò lè sọ pé ọ̀nà kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ìkóríta Orè ni ẹnu ọ̀nà Èkó láti ìlà oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ ogun Biafra fi já lu ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1967 kí wọ́n tó dá wọn dúró. Ohun tó ń já lu ìkóríta yẹn nísinsìnyí ni kòkó, epo pupa àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ láti oko àti àgọ́ tó yí Òdìgbó ká títí wọ apá igbó ìjọba Olúwà, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyẹn kò sì gba ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin nígbà òjò. Orí maṣíìnì ni gbogbo rẹ̀ ń gbà jáde. Ẹrẹ̀ pupa á ta lu ṣéènì, òjò á fọ òróró kúrò, oòrùn á gbẹ ẹrẹ̀ di iyanrìn. Nígbà ọyẹ́, eruku ló kù. Ọlọ́kadà tó ń ná títì ọ̀dà láàárín Orè nìkan lè fi ṣéènì kan pẹ́ gan-an. Ẹni tó ń wọ oko kò lè retí bẹ́ẹ̀.

Ọmọkùnrin náà gbà níkẹyìn. Ó fi fóònù pe ẹnì kan, ó bẹ̀ ẹ́ fún àyáwó, ó sì ní kí ọ̀gá rán ọmọṣẹ́ lọ ra odindi sẹ́ẹ̀tì: ṣéènì kan, sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì méjì.

Bí a ṣe ń retí rẹ̀ ni bàbá kan dé láti Òdìgbó, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, lórí Boxer tó dàgbà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Fífọ̀ àti pípa lásán ló bá wá. Mo wọn ṣéènì tirẹ̀: 255. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ní láti sọ nípa rẹ̀ kò pọ̀. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló máa ń pa á, bí òjò bá sì pa á lọ́nà, kì í dúró di Sátidé.

Ọmọṣẹ́ kejì, tí kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́, bu kẹrosíìnì sínú àwo, ó mú búrọ́ọ̀ṣì. Ó wá fẹ́ yára. Ó ta maṣíìnì náà, ó fi jíà sí ọ̀kan, kí táyà lè máa yí fúnra rẹ̀, kí òun ṣáà máa gbé búrọ́ọ̀ṣì dúró lójú kan.

"Pa á!" Ọ̀gá ti dìde kí n tó mọ̀. "Pa á kíákíá! Ìka mélòó lo gbé wá láti ilé?"

Ọmọ náà pa á, ojú tì í. Bàbá tíṣà kò sọ nǹkan kan, ó kàn mi orí. Ṣéènì tó ń yí pẹ̀lú agbára ẹ́ńjìnnì, bó bá fa àkísà wọlé, á fa ọwọ́ tó dì í mú tẹ̀lé e. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí táyà, ẹ́ńjìnnì á sì ti kú.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó fi kẹrosíìnì fọ àárín abala irin, kì í ṣe orí róólà nìkan, títí omi tó ń kán sílẹ̀ fi mọ́ díẹ̀. Ó fi àkísà nù ún gbẹ. Lẹ́yìn náà ló fi òróró jíà, nọ́ńbà 90, kán an díẹ̀díẹ̀ sójú inú ṣéènì ní ìsàlẹ̀, ojú tó kọjú sí eyín, lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ṣéènì bá ń sáré yí ká, eré náà á máa ti òróró láti inú lọ sóde, á sì gba àárín píìnì àti búùṣì kọjá. Ẹni tó bá dà á sí ẹ̀yìn ṣéènì, ara ògiri àti ṣòkòtò rẹ̀ ló pa. Wọ́n jẹ́ kó wọlé fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì nu èyí tó kù lóde kúrò, nítorí òróró tó bá wà lóde, eruku ló ń pè.

Lórí kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ọ̀gá kò le bí mo ṣe rò. Ó ní ó sàn ju kí ṣéènì gbẹ. Èmi gbà bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan: òróró tó ti ṣiṣẹ́ tán nínú ẹ́ńjìnnì kún fún èédú àti lẹ́búlẹ́bú irin, ohun tí a sì fẹ́ lé kúrò nínú ṣéènì gan-an nìyẹn. Gíríìsì tí àwọn kan ń fọwọ́ bù lé e burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò lè wọ ibi tí píìnì wà, gbogbo iyanrìn ọ̀nà oko á sì lẹ̀ mọ́ ọn. Òróró jíà tuntun tí kò tó ife kan á pa ṣéènì fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀sẹ̀. Ó nira fún mi láti rí ibi tí ọ̀wọ́n wà nínú ìyẹn.

Ọmọṣẹ́ àkọ́kọ́ ti padà dé pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì nínú páálí. Ọ̀gá kò wo páálí náà, ó ní ẹnikẹ́ni lè tẹ páálí. Ó wo nọ́ńbà ara ṣéènì, 428H, H yẹn fi hàn pé abala irin ẹ̀gbẹ́ nípọn ju ti lásán lọ. Ó ní ẹni tó bá fi 420 rọ́pò rẹ̀ lè máà tètè mọ̀, nítorí gígùn ojú wọn kò yàtọ̀, fífẹ̀ ni 420 fi kéré, kò sì ní wọ eyín 428. Ó wá mú fáìlì, ó fi ẹnu rẹ̀ ha orí eyín sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì tuntun náà lẹ́ẹ̀kan. Fáìlì yọ̀, kò jẹ irin, ó kàn fi ilà fẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti fi iná mú orí eyín le nìyẹn. Ó ní kí n fi fáìlì kan náà ha ayédèrú kan tó gbé kọ́ síbẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Ó jẹ ẹ́ wọlé, lẹ́búlẹ́bú irin sì já bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi.

Wọ́n gbé ṣéènì àtijọ́ àti tuntun kọ́ ìṣó kan náà. Ọmọṣẹ́ ka ojú méjèèjì kí wọ́n lè dọ́gba, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ti àtijọ́ fi bí ojú mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ ju tuntun lọ. Ọ̀gá tún mú un sílẹ̀, ó dì í mú nà ní ìdúbúlẹ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjú sókè. Ó tẹ̀ kọrọdọ sísàlẹ̀ nígbà tí tuntun dúró gbọọrọ. Ọmọkùnrin náà gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì jù ú sínú garawa ajákù irin.

Wọ́n tú táyà ẹ̀yìn, wọ́n dè sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá, wọ́n sì tẹ etí irin tó ń dá nọ́ọ̀tì dúró mọ́ ọn kí ó má bàa tú. Wọ́n fọ ibi tí kọ́fà iwájú bò kí wọ́n tó fi kékeré sí i. Lórí sípúrọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá ni wọ́n ti pàdé ẹnu ṣéènì méjèèjì, nítorí eyín á di ẹnu méjèèjì mú nígbà tí a bá ń fi lọ́ọ̀kì sí i. Ibi kílíìpù lọ́ọ̀kì ni ọ̀gá ti gba pílàyà lọ́wọ́ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Lókè, ṣéènì ń ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Nítorí náà, orí kílíìpù tó dì ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, kí ẹnu rẹ̀ tó là wà lẹ́yìn. Bí wọ́n bá gbé e sódì, ohunkóhun tó bá kọ lù ú lójú ọ̀nà lè tì í bọ́, igi oko kò sì wọ́n lójú ọ̀nà Òdìgbó.

Fífún rẹ̀ ló gba sùúrù jù. Nọ́ọ̀tì ọ̀pá táyà kò tíì le. Ọ̀gá yí bóòtì ìfúnṣéènì apá ọ̀tún ní ìdajì, ó yí ti òsì ní ìdajì, ó wo àmì ilà tó wà lára irin ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ dúró sẹ́yìn, ó di ojú kan, ó fi èkejì wo ìlà ṣéènì láti ẹ̀yìn lọ síwájú. Nígbà tó le nọ́ọ̀tì tán, ó tún wọ̀n ọ́n, nítorí líle nọ́ọ̀tì náà máa ń sún táyà. Ó jẹ́ 30 níbi tó le jù. Ó ní kí ọmọkùnrin náà gbé àpò kòkó rẹ̀ padà, kí òun fúnra rẹ̀ sì gùn ún. Ẹ̀yìn maṣíìnì wálẹ̀, ṣéènì le sí i, ó ku bíi 20. "Ibi tí ẹrù ń bá a nìyí," ni ọ̀gá wí. Ṣéènì tí wọ́n bá fún tán nígbà tí ọkọ̀ ṣófo kò ní àyè kankan mọ́ bí àpò bá gorí rẹ̀.

Ó ku bíréèkì ẹ̀yìn. Bí táyà ṣe sún, ọ̀pá tó fa bíréèkì náà ti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, ọ̀gá sì fi ọwọ́ yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ní ìwọ̀n ibi tó yẹ kó tẹ̀ kí bíréèkì tó mú. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tí kò wọn èyí dáadáa, tí bíréèkì ń há mọ́ táyà, tí wọ́n wá ń bú ṣéènì tuntun pé ó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Wọ́n gùn ún lọ sápá Òdìgbó láti dán an wò, ọ̀gá níwájú, ọlọ́kọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n padà dé, kọ́kọ́kọ́ ti lọ, ṣùgbọ́n ìró kan tó fẹ́lẹ́ ṣì wà, ṣẹ́ṣẹ́ṣẹ́. Ìbòrí ṣéènì ni, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọlé nígbà kan, ṣéènì tuntun sì ń fi ara kàn án. Ọ̀gá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, kò gba owó ìyẹn. Wọ́n dúnàádúrà díẹ̀ lórí owó iṣẹ́, ọmọkùnrin náà san ìdajì, ó ní òun á mú ìyókù wá bí wọ́n bá ti wọn kòkó tán. Ọ̀gá ní kó mú maṣíìnì náà wá pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ṣéènì tuntun máa ń dẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àkọ́kọ́, ó sì ní kó lọ ra ike òróró jíà kékeré kan kó tó kúrò ní Orè.